Òróró Àdúrà Lórí Pátákó Ìgbì

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí Olúwa ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi ṣe, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ìwà òmùgọ̀ mi ṣe tóbi tó, kò ní mọ bí àánú náà ṣe jìn tó. Èmi tí irùngbọ̀n mi ti funfun yìí, èmi ni mo gbé òróró àdúrà tí Pásítọ̀ gbàdúrà sí, tí mo dà á sórí pátákó tí ọmọ àbúrò mi fi ń gun ìgbì òkun, tí mo sì fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán bí iwájú orí Díákónì wa. Díákónì, ẹ má bínú. Ẹ̀rí ni.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì máa rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sì jókòó.

Gbogbo yín lẹ mọ Bísọ́lá. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni, àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìpọ̀nrí. Láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú ni mo ti dúró bíi bàbá fún un. Dádì Múṣin ló ń pè mí, nítorí Múṣin níbí ni ilé mi wà, ibí náà sì ni ìsọ̀ tí mo ti ń fi fóòmù àti awọ bo àga wà. Ọmọ gidi ni. Ó kàwé, ó jáde, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Yábà. Kì í mutí, kì í bá ará ilé jà. Àfi bí ó ṣe dédé sọ lọ́jọ́ kan pé òun ti ń lọ sí etíkun ní gbogbo Sátidé, òun ń lọ gun ìgbì.

Mo ní gun kí ni? Ó ní ìgbì. Ó ní sọ́fìnì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á dùbúlẹ̀ lórí pátákó, á fi ọwọ́ wa ara rẹ̀ wọ inú òkun, á dúró de ìgbì tó ń bọ̀; tí ìgbì bá dé, á dìde dúró lórí pátákó náà, ìgbì á sì máa gbé e bọ̀ wá sí etí omi. Mo bi í pé tó bá wá gbé e dé etí omi ńkọ́? Ó ní á tún padà lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rò ó. Èèyàn kúrò ní etí omi, ó wọ inú òkun lọ, kí òkun lè gbé e padà wá sí etí omi tó ti kúrò. Bí ẹ bá rán alágbàṣe ní irú iṣẹ́ yẹn, á ní ẹ̀ ń fi òun ṣẹ̀sín.

Èyí tó wá burú jù ni pé kì í ṣe etíkun tí mọ́tò ń dé. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó na ara rẹ̀ sáàárín ọ̀sà àti òkun bí ẹni tó sùn dí ọ̀nà. Kò sí afárá, kò sí títì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀, òun náà ló ń gbé èèyàn kúrò. Bí ọkọ̀ kò bá wá, o di ará ibẹ̀ nìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni bàbá wa ti wá. Omi tó pọ̀ jù tí ìdílé wa mọ̀ ni ti inú àmù. Èmi fúnra mi, Èkó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti gbé mi gun afárá gígùn yẹn, ojú mi á wà ní dídì títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí pé àdúrà ni mò ń gbà.

Mo wá rò ó, mo ní èyí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀mí omi ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà lẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi, èmi ni mo gbé orúkọ ọmọ náà wá fún yín, ẹ sì bá mi gbààwẹ̀. Mo ṣèlérí lójú gbogbo yín pé bí Ọlọ́run bá lè dá Bísọ́lá nídè lọ́wọ́ òkun, màá wá jẹ́rìí. Ó dáa, ẹ̀rí náà rèé. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí wọ́n dá nídè kọ́ lẹ̀ ń gbààwẹ̀ fún.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé àwọn tó ń gun ìgbì pẹ̀lú Bísọ́lá ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun ní gbogbo Sátidé. Ọmọ náà fẹ́ ẹ bí ẹni fẹ́ ọkọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbà á bí ìyá òun kò bá fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá a lọ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Ohun tí èmi bá bọ̀ wá sọ, òun náà ni a ó ṣe. Wọ́n wá gbé gbogbo ẹ̀ lé mi lórí. Kí n má parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, ìpinnu mi ti wà nílẹ̀ kí n tó wọ bàtà. Mo fẹ́ lọ, kí n bọ̀, kí n sọ pé rárá.

Kó tó di ọjọ́ náà, Bísọ́lá gbé pátákó rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi pé kí n bá òun fi awọ rán àpò tí òun á máa fi gbé e. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo rí i pé nǹkan funfun kan wà lójú rẹ̀, ó le ságisági, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo gbé imú sí i. Àbẹ́là ni. Àbẹ́là tó ń ta sánsán bí àgbọn. Mo ní ẹbọ ẹ̀mí omi rèé.

Ẹ sọ òótọ́, ẹ̀yin òbí. Bí ẹ bá bá àbẹ́là olóòórùn dídùn lára ohun tí ọmọ yín ń gbé lọ sí òkun, kí lẹ máa rò? Kò kúkú wá sí mi lọ́kàn pé kí n bi í. Ẹni tó bá bèèrè lè gbọ́ èsì, èsì sì lè ba àdúrà jẹ́. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń gé fóòmù, mo ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo fi kẹrosíìnì nù ún. Mo wá mú ìgò òróró àdúrà mi, mo dà á sí i láti imú dé ìdí, mo ń bá ẹ̀mí omi wí bí mo ṣe ń pa á. Lẹ́yìn náà mo rán àpò, mo tì í sínú rẹ̀, mo fa síìpù. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di Sátidé, kẹ̀kẹ́ ni a wọ̀ láti Ìpọ̀nrí. Pátákó yẹn gùn ju kẹ̀kẹ́ lọ. A fi í há àárín èmi àti ọmọ náà, imú rẹ̀ yọ síta lápá kan, ìdí rẹ̀ yọ síta lápá kejì, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà fún wa. Ní Costain tí a ti dúró díẹ̀, ìyá àgbà kan sún mọ́ mi, ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ìdérí pósí ni, ó sì bá mi kẹ́dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n wí?

Ní etí ọ̀sà, awakọ̀ ojú omi ju jákẹ́ẹ̀tì kan sí mi, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ikùn mi kò gbà fún un. Ìdè apá ọ̀tún àti ìdè apá òsì ń wo ara wọn láti òkèèrè bí àna tó ń jà. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní kí n kúkú máa fi ọwọ́ pa á pọ̀. Mo ní ọwọ́ wo ni màá wá fi di ọkọ̀ mú? Ó ní kí n yan ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́, ó sì fa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo fẹ́ gbàdúrà. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ láti kékeré ló fò lọ, Àmín nìkan ló ṣẹ́kù. Mo wá ń ṣe Àmín, Àmín, Àmín, láìsí àdúrà kankan níwájú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá dúró sójú omi bí ilé alájà, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí aáyán tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ wa á fò sókè, á já lulẹ̀ gbì, omi á gbá mi lójú. Bísọ́lá jókòó níwájú, ó ń kọrin.

Nígbà tí a dé, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo yin Olúwa. Bísọ́lá ní a ò tíì dé. Ọ̀sà la ṣì wà. Òkun wà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. A tún fi ẹsẹ̀ la iyanrìn tó ń gbé bàtà mì, pátákó wà lórí mi, torí pé mo ti fi oríkunkun sọ pé èmi ni màá gbé e. Ìgbà tí mo wá rí òkun náà lójúkojú, mo bèèrè ibi tí ìbòòji igi wà, mo lọ jókòó síbẹ̀.

Bísọ́lá fa pátákó yọ nínú àpò. Ó yà á lẹ́nu pé àbẹ́là rẹ̀ ti tán. Ó ní á jẹ́ pé ooru ìsọ̀ mi ló yọ́ ọ. Mo wo ojú ọ̀run. Ó wá mú àbẹ́là tuntun, ó ń fi ra pátákó, ó sì ń ṣàlàyé fún mi bí ọmọ olùkọ́ tó jẹ́, pé ohun yìí ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ lórí pátákó tó bá ti tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó ń gun ìgbì ló ń lò ó. Kì í ṣe ẹbọ, kì í ṣe májẹ̀mú, kí ẹsẹ̀ má yọ̀ ni.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Mo là á. Mo ní ó dára.

Ọmọ náà wọ inú omi. Àbẹ́là tuntun kò lè mú lórí òróró, ẹni tó bá ti fọ abọ́ ọbẹ̀ rí mọ ìyẹn. Ìgbì gbé e, ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tẹ ilá. Ó ṣubú. Lábẹ́ igi níbi tí mo wà, mo ní àdúrà ti ń gbà. Ó tún gun òmíràn, ó tún ṣubú. Mo ní ògo ni fún Ọlọ́run. Ìgbà tó ṣubú ẹ̀ẹ̀kẹta, pátákó náà yí padà gbá a lẹ́nu, nígbà tó jáde wá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti ètè ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi gbé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ògo tó wà lẹ́nu mi gbẹ.

Ó fi ìka kan ojú pátákó. Ó gbé ìka náà sí imú. Ó wò mí. Ó gbé pátákó náà sílẹ̀ níwájú mi, ó sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà kó lè fọ ẹnu. Ó sàn kó bú mi.

Ẹ̀dùn ọkàn mú mi. Mo ní kí n lọ fọ òróró náà kúrò kó tó padà dé. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo gbé pátákó lọ sí etí omi, níbi tí kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo ń fi iyanrìn ha á. Okùn kan wà lára pátákó náà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀. Mo so ó mọ́ ọwọ́ mi kí òkun má bàa jí pátákó gbé. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Òkun wá jí àwa méjèèjì.

Ìgbì kan tí n kò rí ló gbá mi lẹ́yìn orúnkún. Mo jókòó sínú omi. Kí n tó dìde, omi ń padà lọ, ó sì mú mi dání bí ẹni mú àlejò lọ ilé. Mo na ẹsẹ̀ kí n fi kan ilẹ̀, ilẹ̀ ti tán. Mo gun pátákó, mo yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo tún gùn ún, mo tún yọ̀ kúrò. Òróró yẹn dára, Pásítọ̀. Ẹ má pààrọ̀ ẹni tó ń tà á fún ìjọ. Mo rí etíkun tó ń kéré, mo rí àwọn igi àgbọn tó dà bí ìgbálẹ̀, mo mu omi iyọ̀, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bí mo bá kú, ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi ni pé òróró ara rẹ̀ ló pa á.

Mo ké. Ẹ jẹ́ kí n ṣì fi orúkọ tí mo ké pamọ́ ná.

Ohun tí mo tún rí ni orí Bísọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi, ètè rẹ̀ wú. Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó já ọwọ́ mi kúrò, ó fà mí gun orí pátákó, ó sì di ìgbànú ṣòkòtò mi mú láti ẹ̀yìn kí n má bàa yọ̀ lọ. Mo ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá omi síhà etíkun bí ẹni tó ń lu ẹ̀wà.

Ó ní, “Dádì Múṣin, ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kó gbé wa lọ díẹ̀, ó máa rẹ̀ ẹ́.”

Mo ní ó ti rẹ èmi ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dúró. Omi gbé wa lọ sí ẹ̀gbẹ́, kò gbé wa wọ inú òkun mọ́, nígbà tó ṣe, agbára rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́. Bísọ́lá wẹ̀yìn. Ó ní ọ̀kan ń bọ̀, kí n di etí pátákó mú, kí n má dìde o. Bí ẹni pé mo ní in lọ́kàn láti dìde. Ìgbì náà wọ abẹ́ wa, ó gbé wa sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo fi àyà sùn lórí pátákó, afẹ́fẹ́ ń wọ inú ẹ̀wù mi, ọmọ di ìgbànú mi mú láti ẹ̀yìn, a ń lọ fẹ́ẹ̀rẹ̀ bí ẹyẹ. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́yìn díẹ̀. Ó dùn. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò tó nǹkan, ó dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni iyanrìn gbá mi ní àgbọ̀n. Fìlà mi lọ, ṣòkòtò mi kún fún iyanrìn bí àpò sìmẹ́ńtì. Àwọn tó wà ní etíkun bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ní bàbá gun ìgbì. Ẹnì kan fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ń bi omi iyọ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń kí mi kú oríire.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, mo jẹ́wọ́ fún Bísọ́lá: ọ̀bẹ, kẹrosíìnì, òróró, gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí òun ti gbóòórùn ìka òun. Ṣebí ìjọ yìí náà lòun ń wá, òun mọ òórùn òróró wa. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò bi òun. Ó wá ní ohunkóhun tó bá wù mí ni kí n sọ fún ìyá òun, òun kò ní já mi nírọ́, òun á sì ṣe ohun tí mo bá wí. Ẹ ò rí wàhálà? Ọmọ tó yọ mí nínú omi tún wá gbé mi jù sínú òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀mí mi ṣì wà, ìyàwó mi kò di opó, àwọn àga yín tó wà nísọ̀ mi á ṣì di ṣíṣe, ẹ yé pè mí lórí fóònù. Ẹ fi ìyìn fún Ẹni tó gbọ́ ààwẹ̀ yín, tó wo orúkọ tí mo kọ sílẹ̀ fún ìdáǹdè, tó sì rí i pé orúkọ ẹlòmíràn ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí. A dé Ìpọ̀nrí ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó wo orí mi tí kò ní fìlà, ó wo iyanrìn tó wà ní etí mi, ó ní kí n jókòó. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín, mi ò fi òróró pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì wà lára mi, ìpinnu mi àtijọ́ sì ṣì wà lẹ́nu mi, mo ní omi yẹn kì í ṣe eré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn lójú mi, kí ọmọ náà má padà síbẹ̀ mọ́. Bísọ́lá dúró tì wá. Ó tẹ orí ba.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí omi ń gbé yín lọ, ta lẹ pè?”

Mo la ẹnu láti sọ pé Jésù. Pásítọ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé òun ni ìbá wù mí kí n pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ igbe náà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ètè tó wú.

Mo ní, “Bísọ́lá.”

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó da ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú abọ́, ó gbọn èèpo kúrò lára ìró.

Ó ní, “Ó dáa. Ẹni tí èèyàn ń ké pè lójú omi, a kì í ní kó jókòó sílé.”